Gíláàsì Méje

Kápẹ́ńtà kan wà tí àdúgbò ń pè ní Dákẹ́, torí pé ẹnu rẹ̀ wúwo. Ó lọ bá bàbá ayàwòrán kan pé kí wọ́n kọ́ òun níṣẹ́ àtijọ́, èyí tí wọ́n ti ń fi kámẹ́rà ya àwòrán sára gíláàsì. Bàbá bi í ibi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, wọ́n bi í bóyá ó ti níyàwó, wọ́n bi í bóyá òórùn oògùn tí wọ́n fi ń fọ àwòrán máa ń yọ ọ́ lẹ́nu.

"Gíláàsì méje ni mo ní fún ọ," wọ́n ní. "Bí ìkeje bá bàjẹ́, padà sídìí pákó rẹ."

Sátidé ni wọ́n ń pàdé. Dákẹ́ á da omi tó ki bí oyin sórí gíláàsì, á yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún títí yóò fi kárí, á wá rì í sínú omi fàdákà nínú yàrá òkùnkùn. Bàbá á wọlé lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n á jáde, wọ́n á ní, "Ó dáa. Gbé e, kó tó gbẹ."

Ọmọbìnrin àbúrò Bàbá ni wọ́n ránṣẹ́ pè kó wá jókòó níwájú kámẹ́rà. Iṣẹ́ aago títúnṣe ló ń ṣe. Ó lè jókòó fún wákàtí kan láìmira.

Gíláàsì àkọ́kọ́ jáde, ó funfun bí èéfín.

"Ṣé èmi nìyí àbí ìkùukùu?" obìnrin náà béèrè.

"Ẹ má bínú," Dákẹ́ fèsì. Gbogbo ohun tó sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Ìkejì di èéfín. Ìkẹta náà. Nígbà ìkẹrin, obìnrin náà dúró bá a fọ gíláàsì, Dákẹ́ sì ṣàlàyé omi fàdákà fún un fún odindi ààbọ̀ wákàtí. Nígbà ìkarùn-ún, obìnrin náà gbé aago ògiri kan tí pákó rẹ̀ ti sán wá, Dákẹ́ sì gbé e lọ sílé, ó tún un ṣe, ó sì lọ dá a padà fún un ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìkẹfà, èéfín.

"Ó ku ẹyọ kan," Bàbá sọ.

Ní Sátidé keje, Dákẹ́ nu gíláàsì náà lẹ́ẹ̀mẹta. Obìnrin náà bá a so épírọ́ọ̀nù rẹ̀ lẹ́yìn.

"Fara balẹ̀ jàre. Bó bá bàjẹ́, ṣé o ò ní yà sọ́dọ̀ mi mọ́ ni?"

"Màá yà," Dákẹ́ sọ. "Ì báà bàjẹ́, ì báà dáa, màá yà."

Bàbá ti dé ẹnu ọ̀nà yàrá òkùnkùn. Wọ́n dúró.

"Orúnkún ń dùn mí," wọ́n ní. "Lọ gbé e fúnra rẹ."

Àwòrán náà jáde kedere, débi pé èèyàn lè ka irun ìpéǹpéjú. Inú Dákẹ́ dùn, kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ sí. Òun àti obìnrin náà jọ jáde, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbàgbé àwòrán sórí tábìlì.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko," Bàbá sọ fún ìyàwó wọn, "ni mo fi ń ká aṣọ fèrèsé yàrá yẹn sókè, kí oòrùn lè ba gíláàsì ọmọ ọlọ́mọ jẹ́, kí ọkùnrin yẹn tó lanu."