Akísà Tó Tún Pọ́n

Ìyá Dọ̀kásì tẹjú mọ́ akísà inú ọpọ́n.

Láti ọjọ́ tí Yúnísì ọmọ rẹ̀ ti bímọ ló ti ń bá a fọ̀ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ ìbímọ náà ń ṣá bó ti yẹ, ó ti ń di omi rúsúrúsú.

Lónìí, ó tún pupa yòò bíi ti ọjọ́ ìkúnlẹ̀.

Ó yíjú sí Jòhánù, ọkọ Yúnísì, tó ń gbọ́ ìròyìn Kwara, ìpínlẹ̀ tuntun, nínú rédíò bí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

"Àna mi, ẹ kò lè mú sùúrù ni? Ara ọmọ mi kò tíì jinná!"

"Ìyá, Ọlọ́run gbọ́, n kò fọwọ́ kàn án."

"Ádámù náà rí àwáwí wí."

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó tẹ́ ẹní dí ẹnu ọ̀nà yàrá Jòhánù. Kó wá kọjá, kí òun rí i!

Àkùkọ kọ. Jòhánù ń han-run. Ṣùgbọ́n ẹní Yúnísì ṣófo, ọmọ nìkan ló sùn síbẹ̀.

Yúnísì gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó ń mí hẹlẹ, òṣùká ṣì wà lórí rẹ̀.

"Níbo lo ti ń bọ̀?"

"Odò, Ìyá. Mo ń pọn omi tí wọn fi ń po sìmẹ́ńtì ṣọ́ọ̀ṣì tuntun."

"Pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ yìí? Ìkà wo ló rán ọ?"

Yúnísì wolẹ̀.

"Ìyá Ìjọ ni, mà. Wọ́n ní obìnrin tí kò bá pọnmi, òkúta ògiri yóò jẹ́rìí lòdì sí i. Wọn kò yọ abiyamọ sílẹ̀."

Ìyá Dọ̀kásì, tí í ṣe Ìyá Ìjọ fúnra rẹ̀, mú òṣùká náà kúrò lórí ọmọ rẹ̀, ó gbé e ka orí ara rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ó kan ilẹ̀kùn Jòhánù, ó sì kúnlẹ̀.