Àlejò Tí Oyèbádé Fẹ́ Bọ̀ Lọ́wọ́

Ìjọba ní kí gbogbo onílé etí odò lẹ́yìn Òde-Ayé kó kúrò. Àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè tó fẹ́ dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ nìkan ló lè ra ilẹ̀ níbẹ̀ báyìí, àwọn nìkan náà ló lè kọ́lé sí i.

Ilé Ìyá Lérè wà lára àwọn ilé náà. Ibẹ̀ ni Adésànyà ọkọ rẹ̀ mú un wọ̀ lọ́jọ́ tó gbé e níyàwó ti ìrìn àjò dé. Ẹ̀yìn ilé náà ni sàréè Adésànyà wà. Ìyá arúgbó yìí kan náà ló jẹ́ pé, tó bá fi èdè Ìkálẹ̀ bú èèyàn, onítọ̀hún á wẹ̀yìn wò.

"N ò ní fi bàbá rẹ sílẹ̀," ló sọ fún Lérè ọmọ rẹ̀.

Lérè wọkọ̀, ó lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Àkúrẹ́.

Kò pẹ́ tí ìròyìn fi tàn. Àjèjì kan ti ra ilẹ̀ náà gan-an, yóò kọ́lé sí i, yóò sì máa fún epo pupa níbẹ̀ fún títà sókè òkun. Obìnrin ni. Catherine lorúkọ rẹ̀.

"Òyìnbó obìnrin!" Oyèbádé, olórí àdúgbò, fò sókè. "Èmi ni n ó kọ́kọ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́!" Ó rán ṣòkòtò tuntun, ó wá ń kí òbúkọ rẹ̀ ní "Wẹ́kọ́ọ̀mù, Mádáàmù" láàárọ̀ láàárọ̀.

Àwọn bíríkìlà dé, ọmọ Gánà ni ọ̀gá wọn. Ìyá Lérè ò kúrò lọ́dọ̀ wọn. Òun ló ń se oúnjẹ fún wọn, òun ló ní kí fèrèsé ilé ìdáná kọjú sí sàréè. Lọ́jọ́ kan ó sọ̀rọ̀ sí ọ̀gá náà létí, ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín títí ṣọ́bìrì fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àbí ìwọ ni wọ́n ń kọ́ ọ fún ni?" Bàṣírátù aládùúgbò rẹ̀ bi í. "Òyìnbó á lé ẹ bí adìẹ!"

"Kó wá lé mi ná."

"Ẹ̀rù ò tiẹ̀ bà ẹ́?"

"Obìnrin bíi tèmi ni. Púpurú ni n ó fún un jẹ."

"Òyìnbó! Púpurú!" Ẹ̀rín pa Bàṣírátù, ó jókòó pẹ̀sẹ̀ sórí iyanrìn.

Ọjọ́ ìṣílé pé, gbogbo ìlú dé. Oyèbádé wọ ṣòkòtò, ó na ọrùn sójú ọ̀nà bí ògòǹgò. Mọ́tò ìjọba dúró, ọkùnrin kan sọ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Oyèbádé sáré yọjú wo inú mọ́tò. Dẹ́rẹ́bà nìkan ló kù níbẹ̀.

"Ọ̀gá, òyìnbó wa dà?"

"Òyìnbó wo?" Ọkùnrin náà kọjú sí èrò, ó gbóhùn sókè. "Mádáàmù Catherine, ọmọ ilẹ̀ Gánà, ẹ wá gba kọ́kọ́rọ́ ilé yín!"

Ìyá Lérè, tí ẹnikẹ́ni ní Òde-Ayé ò tíì pè lórúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ láti ọjọ́ tó ti bí Lérè, dìde láàárín àwọn obìnrin, ó nu epo ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó sì na ọwọ́ náà sí Oyèbádé.