Ìwé Mọ́kànlélọ́gbọ̀n Tí Shahinaz Kà

Láàárín oṣù mẹ́sàn-án, Shahinaz ka ìwé mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò sì ra ẹyọ kan nínú wọn.

Ohun tó ń rà ni kóró bàrà yíyan. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tó bá ti yunifásítì dé lọ́sàn-án, tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin létí òkun Alẹkisáńdíríà, á yà sídìí kẹ̀kẹ́ Bàbá Bayoumi, arúgbó tó ń yan kóró tà níbẹ̀. Ìwé ìròyìn ni bàbá náà fi ń dì í fún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n Shahinaz ti ráhùn nígbà kan pé tàdáwà ìwé ìròyìn ń kun òun lọ́wọ́, láti ọjọ́ náà ló sì ti jẹ́ pé ewé tí wọ́n ya lára ìwé gidi ni wọ́n fi ń di tirẹ̀. Bàbá á fi itọ́ ra ìka, á máa ṣí àwọn ewé tó wà nínú páálí lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì, á mú ọ̀kan, á lọ́ ọ bí òkòtó, á wá bu kóró sí i.

Kò sí orúkọ ìwé lára irú ewé bẹ́ẹ̀, ibi tí nọ́ńbà rẹ̀ sì wà ni bàbá máa ń lọ́ pọ̀ ṣe ṣóńṣó. Ìyẹn kò dí Shahinaz lọ́wọ́. Kí kóró tó tán lẹ́nu rẹ̀, ó ti ka ewé náà tojú tẹ̀yìn, ó sì gbà pé òun ti mọ ìwé náà. Tó bá délé, á kọ èrò rẹ̀ sórí búlọ́ọ̀gì rẹ̀, èyí tó pè ní Ìwé Aláìlórúkọ. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ pé àṣà burúkú ni kí èèyàn máa wo orúkọ òǹkọ̀wé kó tó dá ìwé lẹ́jọ́. Àwọn èèyàn kọ̀wé sí i pé ó láyà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Wagdiya, tó ń kọ́ wọn ní lítíréṣọ̀, ló fa gbogbo rẹ̀. Ó ti sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá kọ nípa ọgbọ̀n ìwé sórí búlọ́ọ̀gì rẹ̀, tí kò sì lè dìde ní kíláàsì kó sọ bí ìwé kíkà ṣe mú òun dàgbà, ọdún náà ni yóò tún kà. Bàbá Shahinaz náà sọ tirẹ̀: kò sí àtúnkà nínú ilé òun. Tó bá fìdí rẹmi, ìlú Damanhour ni yóò lọ, kó lọ máa gbá irun ní ṣọ́ọ̀bù àǹtí rẹ̀ tó ń ṣerun. Àǹtí náà ti ra ìgbálẹ̀ dè é.

Nítorí náà, ní gbogbo ìgbà tó bá yà síbẹ̀, kó tó gba kóró tuntun, á ka ohun tó kọ nípa ewé tó gbà kẹ́yìn sí Bàbá Bayoumi létí, torí òun nìkan ló ń ní sùúrù gbọ́ ọ dópin. Kóró ni bàbá yóò máa rò nínú agbada.

Lọ́jọ́ tó kọ ọ́ pé atukọ̀ kan sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òkun fúnra rẹ̀ ló lanu, bàbá bu kóró títí ó fi dà sórí bàtà rẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ ọ́ pé akéwì kan tó fi olólùfẹ́ rẹ̀ wé ọsàn wẹ́wẹ́ kò tíì sún mọ́ obìnrin rí láyé rẹ̀, kóró náà kò dé ìdajì. Shahinaz bi í léèrè ìdí rẹ̀. Bàbá ní kóró ti wọ́n lọ́jà. Nígbà tí Shahinaz tún dé, ó yin opó kan tó ń sunkún ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń din ẹja, ó ní ojúlówó obìnrin nìkan ló lè kọ irú rẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un, ó sì dì í ní méjì. Shahinaz ní a jẹ́ pé kóró ti dínwó. Lọ́kàn ara rẹ̀, ó ní ogbó ti ń dé sí bàbá lọ́wọ́.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Shahinaz dìde ní kíláàsì.

"Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀," ó ní, "bákan náà ni gbogbo òǹkọ̀wé ń dún létí mi. Ní báyìí, ìlà kan ti tó mi láti mọ̀ bóyá ọkùnrin ló kọ ọ́ tàbí obìnrin, ọmọdé tàbí àgbà. Òǹkọ̀wé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo bá pàdé lọ́dún yìí. Ẹ jí mi lójú oorun, n kò ní fi ọ̀kan pe èkejì."

Ọ̀jọ̀gbọ́n Wagdiya bi í pé níbo ló ti ń rí ìwé. Ó ní ọ̀dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan létí òkun ni, tó máa ń fara balẹ̀ ṣà á fún òun lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n mí kanlẹ̀, ó ní irú àwọn olùtàwé bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ nílẹ̀ mọ́. Shahinaz ló gba máàkì tó ga jù.

Ó sáré lọ sídìí kẹ̀kẹ́. Ó tún ọ̀rọ̀ náà kà látòkè délẹ̀, bàbá sì ń ro kóró. Nígbà tó parí, bàbá kí i kú oríire, ó wá béèrè èyí tó burú jù nínú gbogbo wọn.

"Ẹni tó kọ nípa ìsìnkú ìyá rẹ̀," Shahinaz dáhùn. "Ẹkún rẹ̀ dà bí ẹkún ẹni tí wọ́n bẹ̀ lọ́wẹ̀. Bàbá, ká má purọ́, ó yẹ kí onítọ̀hún lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe."

"Ó ti wá a, ọmọ mi. Ó tó ogójì ọdún."

"Ẹ ẹ́n? Ta ló sọ fún yín?"

Bàbá nu ọwọ́ méjèèjì mọ́ aṣọ, ó tẹ̀ wọ inú páálí, ó sì fa ìwé kan ṣoṣo tí kò tíì ya jáde, tí orúkọ Bayoumi Abdel-Ghaffar wà lára èèpo rẹ̀, tí atukọ̀, akéwì, opó àti àwọn méjìdínlọ́gbọ̀n yòókù sì tò sínú rẹ̀ láti ojú ewé kìíní títí dé òpin.