Bàálù Ọjọ́ Ẹtì

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún wọn. Jùwọ́nlọ́lá, ọmọ Àríyọ̀ ará Àyèká, yóò wà nínú bàálù tó ń kúrò ní Yólà láàárọ̀. Tó bá ti dé Àkúrẹ́, mọ́tò yóò gbé e wálé. Ohun kan ṣoṣo tí Àríyọ̀ ń fẹ́ náà nìyẹn, kí ọmọ òun wálé.

Agogo mẹ́sàn-án ọjọ́ náà, Tẹjúmádé pè láti Èkó. Òun ló ń pín iṣẹ́ fún àwọn awakọ̀ ilé iṣẹ́ bàálù kékeré tí Jùwọ́nlọ́lá náà ti ń wa bàálù. Adéwùmí, àbúrò Àríyọ̀, ló gbé fóònù. Tẹjúmádé bẹ̀bẹ̀ títí. Ó ní ẹni tó yẹ kó wa bàálù náà ti lo gbogbo wákàtí tí òfin gbà á láyè, dandan ni kó sinmi, kò sì sí ẹlòmíràn. Ó sún un sí Ọjọ́rú.

Ọ̀rọ̀ àìtó èèyàn yìí kò ṣàjèjì sí Àríyọ̀. Awakọ̀ mẹ́rìndínlógún ni wọ́n nígbà tí Jùwọ́nlọ́lá débẹ̀. Àwọn tó gbọ́n ti bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀ lọ sílùú òyìnbó, ó ku méje. Bí ẹnì kan ṣàìsàn, Jùwọ́nlọ́lá ni wọ́n ń pè. Bí ìyàwó ẹnì kan bímọ, òun náà ni. Kérésì kọjá, kò wálé. Ìkórè ìjọ kọjá, kò wálé. Lóṣù tó kọjá, ó sọ lórí fóònù pé àárẹ̀ ń mú òun. Àríyọ̀ ní kó fara dà á, pé ohun tó le ṣì ń bọ̀ wá dẹ̀.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, ibà gbé awakọ̀ tí wọ́n yàn dálẹ̀. Wọ́n tún sún un sí ọjọ́ Ẹtì.

Ilé Àríyọ̀ dákẹ́. Morìnsọ́lá, ìyá Jùwọ́nlọ́lá, kò sí ńbẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ti wá mú un lọ sí Ìkọ̀yà láti ọjọ́ Àìkú. Àwọn obìnrin ìjọ ń wọlé nínú sùtánà funfun, wọ́n ń jókòó díẹ̀, wọ́n ń lọ. Mildred ará ilé kejì ń gbé oúnjẹ pupuru wá láàárọ̀, ó ń gbé e padà nírọ̀lẹ́. Bí wọ́n bá bi Àríyọ̀ bí ara rẹ̀ ti rí, á ní òun ò mọ̀. Ara rẹ̀ ti kú tipiri.

Adéwùmí ní kí àwọn kúkú háyà mọ́tò lọ sí Yólà. Àríyọ̀ kọ̀. Ọ̀nà yẹn jìn, kò sì dára.

"Bàálù ló gbé e lọ," ó ní. "Kí bàálù gbé e bọ̀."

Lọ́jọ́bọ̀, Tẹjúmádé ní kí wọ́n gbé fóònù fún bàbá fúnra rẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ká ní tẹ́lẹ̀ ni, Jùwọ́nlọ́lá náà ni mà bá pè kó wá wa bàálù yìí."

"Mo mọ̀," ni Àríyọ̀ wí.

"Kò kọ̀ fún mi rí, sà."

"Bí ìyá rẹ̀ náà ṣe rí nìyẹn."

Tẹjúmádé wá sọ fún un pé Vincent, ọ̀gá àwọn awakọ̀, ti ní òun fúnra òun lòun máa wa bàálù ọ̀la, bó tilẹ̀ jẹ́ ọjọ́ ìsinmi òun.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Àríyọ̀ wẹ̀, ó wọṣọ. Ó bi Adéwùmí bóyá kí wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì yàrá Jùwọ́nlọ́lá. Adéwùmí wolẹ̀, ó ní kò pọn dandan. Nígbà tó kọjá agogo mẹ́wàá díẹ̀, ìpè wọlé pé bàálù ti balẹ̀ ní Àkúrẹ́. Àríyọ̀ ní ọpẹ́ ni. Ó ju wákàtí méjì lọ kí mọ́tò tó yà wọ Àyèká. Vincent ló jókòó ti dẹ́rẹ́bà, nínú aṣọ iṣẹ́. Ó sọ̀kalẹ̀, ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àríyọ̀ fọwọ́ kàn án léjìká, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó mú ọmọ òun délé.

Lẹ́yìn náà ló wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn, ó kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé, kò sì jáde títí wọ́n fi sin Jùwọ́nlọ́lá tán sí ẹ̀gbẹ́ ilé, torí bàbá kì í fojú rí sàréè ọmọ rẹ̀.