Afẹ́nka Dona Eponina

Kò sí ẹni tí kò mọ afẹ́nka Dona Eponina ní àdúgbò náà. Ewéko kékeré ni, inú ìkòkò amọ̀ ló wà, lórí àpótí kan lẹ́bàá fèrèsé pálọ̀. Ọ̀pá rẹ̀ dúdú, ó tín-ín-rín bí irun orí, ewé rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ débi pé bí èèyàn bá mí lé e, á gbọ̀n. Ní òkè Minas tí wọ́n ń gbé, ohun tí gbogbo ìyá ń sọ fún ọmọ wọn ni pé bí olójú burúkú bá wọ ilé, afẹ́nka ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Á rọ, á gbẹ, á kú.

Ọkùnrin méjì ni afẹ́nka yìí ti lé kúrò lẹ́yìn Lenira, ọmọ-ọmọ Dona Eponina. Èkíní ń ta oògùn, ó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Èkejì jẹ́ tíṣà, ẹnu rẹ̀ dùn. Bí wọ́n bá ti ń wá lọ́jọ́ Àìkú fúngbà díẹ̀, ewéko á gbẹ bí èèpo àlùbọ́sà. Màmá Eponina á ra òmíràn, á sì sọ fún ọkùnrin náà jẹ́jẹ́ pé kọfí ti tán nílé.

Valdomiro, tó ń tún bàtà ṣe nísàlẹ̀ òpópó náà, ló kàn.

"Di ojú rẹ lọ o," ni Tarcísio, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wí fún un. "Ṣebí ìwọ lo yin adìẹ ìyá mi lọ́jọ́sí, tí adìẹ kú kílẹ̀ tó ṣú?"

"Ọkọ̀ ló pa adìẹ yẹn!"

"Ọkọ̀ ló pa á. Ta ló pe ọkọ̀?"

Valdomiro rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. Ó fẹ́ràn Lenira débi pé tó bá gbọ́ ohùn rẹ̀ lójú pópó, àtàǹpàkò ara rẹ̀ ló máa ń fi òòlù lù. Kó tó lọ kí Dona Eponina rárá, ó yà sọ́dọ̀ Iolanda tó ń ta òdòdó lẹ́nu ọ̀nà ibi ìsìnkú, ó ní kó kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń tọ́ afẹ́nka.

"Ọmọ àkẹ́bàjẹ́ ni," ni Iolanda wí. "Oòrùn ò gbọdọ̀ pa á, atẹ́gùn ò gbọdọ̀ fẹ́ ẹ, iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ ò gbọdọ̀ gbẹ, omi ò sì gbọdọ̀ dúró sí i nídìí. Tí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kì í dárí jini."

"Ìyàwó lẹ ń sọ ni àbí ewéko?"

"Ìwọ ṣáà máa bomi sí i."

Lọ́jọ́ Àìkú, Lenira wà ní ilé ìdáná, ó ń yan búrẹ́dì oníwàràkàṣì. Dona Eponina jókòó ti àlejò rẹ̀ díẹ̀, ó béèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀, ó gbé omi fún un, ó wá dìde.

"Jẹ́ n lọ wo kọfí lórí iná."

Kọfí Dona Eponina kì í tètè hó. Bó ṣe kẹ̀yìn ni Valdomiro ti ìka bọ iyẹ̀pẹ̀. Ó gbẹ bí eérú, oòrùn sì ń ta sí ewé náà lójú. Ó rọra da omi inú ife rẹ̀ sí i, ó fa àpótí náà lọ síbi òjìji. Nígbà tí màmá fi máa dé, ó ti jókòó, ọwọ́ lórí orúnkún, bí ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tó tún padà wá, ewéko ti padà sẹ́bàá fèrèsé, iyẹ̀pẹ̀ ti gbẹ. Àgbàlagbà, ó rò ó nínú ara rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti gbé nǹkan sí látijọ́, ibẹ̀ náà ló ń wà. Ó tún fà á lọ síbi òjìji.

Báyìí ni wọ́n ṣe lo gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lọ́jọ́ kan, ó bá ewé mélòó kan tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ó fi àlùmọ́gàjí ìránbàtà gé wọn, ó rún wọn sápò. Lẹ́nu géètì, Lenira yọ ewé gbígbẹ kan lára kóòtù rẹ̀.

"Kí lèyí? Ewé tíì lò ń wá já nílé wa ni?"

"Ó... ó jábọ́ sí mi lára ni."

Lenira rẹ́rìn-ín títí ó fi di géètì mú.

Ọjọ́ Àìkú nìkan kò tó. Orí bá a ṣe é, bàtà Dona Eponina bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ léraléra: gìgísẹ̀ lónìí, okùn lọ́la. Ní gbogbo àárín ọ̀sẹ̀ ni Valdomiro ń dá bàtà padà, tó sì ń bomi sí ewéko.

"Bàtà mi ò gbádùn mọ́," ni màmá wí, ó ń wò ó lójú. "Ó dà bíi pé ẹnì kan ń fi ojú burúkú wò ó."

Valdomiro fa fìlà rẹ̀ bo ojú.

Afẹ́nka náà gbilẹ̀, ó so rọ̀ létí ìkòkò bí irun ọmọge. Àwọn aládùúgbò ń wọlé wá wò ó, wọ́n ń yin Valdomiro pé ojú rẹ̀ mọ́ bí omi odò. Ìyìn náà wá ń ta á bí abẹ́rẹ́. Tí kò bá sí omi yẹn ńkọ́? Bóyá ojú òun burú lóòótọ́, tí òun sì fẹ́ gbé e wọlé Lenira.

Lọ́jọ́ tó fẹ́ tọrọ ìyàwó, iyẹ̀pẹ̀ gbẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó gbé ìkòkò sínú abọ́ omi lórí itan, ó ń fi ìka tú ewé rẹ̀ ká lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Kọfí ò tíì hó rárá.

"Valdomiro. Kí lò ń fi ewéko mi ṣe?"

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó rin gbindin.

"Mò ń fún un lómi ni, Màmá. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni. Mi ò mọ̀ bóyá ojú mi dáa. Mi ò jẹ́ kí ewéko fi hàn. Ẹ má bínú sí Lenira, kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀."

Ó gbé ìkòkò kalẹ̀ síbi òjìji, ó mú fìlà rẹ̀. Dona Eponina dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò yà fún un.

"Lenira, kó ife tó dáa jáde, ọkọ rẹ nìyí!" ló ké sí ilé ìdáná. "Gbogbo ìgbà tí ọkùnrin bá ti ń tìtorí ẹ wá síbí ni mi kì í fún ewéko yìí lómi mọ́, tí mo sì ń gbé e sójú oòrùn, kí n lè rí ẹni tí yóò mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́."