Ìró Ìdí Mi Lórí Iná Iyùn

Tòbí abẹ́ ìró nìkan ló wà nídìí mi nígbà tí Ìbídùn, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ iná wò, wọlé. Ìró mi wà lórí iná àpótí gíláàsì olómi òkun tó gba ìdajì pálọ̀, níbi tí mo ti ń sin iyùn ààyè. Òkun kò ní iyùn mọ́; inú ilé wa ló kù sí.

“Ìyá àgbà, iná funfun nìkan ni òfin gbà. Òun ló ń mú wọn yára dàgbà.”

“Yára kú ni! Ilé mẹ́rin ládùúgbò yìí ni tiwọn ti kú tán.”

Èmi gan-an, ọjọ́ tí mo bọ́ra lábẹ́ iná yẹn, tí mo rí ara mi nínú gíláàsì, mo pariwo pé ìwin wọlé!

Aláró ni mí. Mo kọ́kọ́ fi aṣọ tí mo rẹ lẹ́ẹ̀kan bo iná náà, iyùn kò mira. Èyí tí mo rẹ lẹ́ẹ̀marùn-ún ṣókùnkùn jù. Ìró ìdí mi tí mo rẹ lẹ́ẹ̀mẹta ló bá wọn lára mu, ni wọ́n bá lanu.

“Ẹ ṣí i kúrò, àbí kí wọ́n wá kó iyùn yín lọ lọ́la.”

“Kí wọ́n wá. Ìdí gbẹ̀ǹdẹ̀kẹ̀ yìí ni wọ́n máa kọ́kọ́ bá lẹ́nu ọ̀nà.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó wo iyùn náà títí, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: “Ti màmá mi náà ti ń kú.”

Mo wo kóòtù funfun tí ìjọba fún un. Mo ní, “Bọ́ ọ.”

A rì í sínú ìkòkò aró mi lẹ́ẹ̀mẹta.