Ohùn Tó Wà Lẹ́yìn Ohùn Mọ́ṣúdù

Iṣẹ́ Mọ́ṣúdù kì í gbé e jáde nílé. Ọ́fíìsì kan ní Alékúwodò máa ń fi gbólóhùn Yorùbá ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Òun a kà á sókè, a gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, a sì fi í ránṣẹ́ padà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi kọ́ fóònù ní ọ̀rọ̀ sísọ ni. Nínú yàrá méjì tó háyà ní Ìgbọ̀nà ló ti ń ṣe é.

Irú iṣẹ́ tó nílò nìyẹn. Oṣù kẹjọ rèé tí Àdíját ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ó fi Bushrah, ọmọ ọdún mẹ́wàá, sílẹ̀, àti Àsmá'ù ọmọ ọwọ́, tí Àdíját nìkan máa ń pè ní Àpìkẹ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀, Bushrah kò sọ̀rọ̀ mọ́. Olùkọ́ rẹ̀ ní kó sinmi nílé ná.

Ìyá Àdíját, tó ń ta aṣọ ní Iléṣà, ti sọ tirẹ̀.

“Mọ́ṣúdù, tí o bá ṣì ń jókòó tì wọ́n, mi ò ní gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá gbé ọ jáde, mò ń bọ̀ wá kó wọn.”

Láràárọ̀, Mọ́ṣúdù yóò gbé ọmọ lé Bushrah lẹ́sẹ̀ ní pálọ̀, yóò ti ilẹ̀kùn yàrá, yóò da kúbùsù borí kí ariwo má baà wọlé, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta iṣẹ́ náà, Ọ̀nàọlápọ̀, tó ń yẹ iṣẹ́ wò ní ọ́fíìsì, pè é.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa bẹ ìyàwó yín. Wọ́n ń kọrin lẹ́yìn yín. Àpìkẹ́ tí wọ́n ń pè yìí ti fẹ́ẹ̀ wọ gbogbo iṣẹ́ wa tán.”

“Ìyàwó wo?”

“Háà! Mélòó lẹ fẹ́?”

Mọ́ṣúdù gbé fóònù sétí, ó tẹ́tí sí iṣẹ́ rẹ̀. Láàárín gbólóhùn kan sí èkejì, ó gbọ́ ọ. Ohùn náà rẹlẹ̀, bí ìgbà téèyàn ń kọrin sínú. Orin tí Àdíját fi ń rẹ ọmọ ni. Kó tó pe Àpìkẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, bí Àdíját ṣe máa ń húkọ́.

Ó jáde sí pálọ̀. Rédíò wà ní pípa. Bushrah jókòó síbi tó fi í sí.

“Ṣé o gbọ́ nǹkan?”

Bushrah fi ìka lé ètè. Ọmọ ń sùn.

Láti ọjọ́ náà, Mọ́ṣúdù kò yára kàwé mọ́. Tó bá ka gbólóhùn kan, yóò dákẹ́ pẹ́ kó tó ka òmíràn. Wọ́n ń dá iṣẹ́ rẹ̀ padà. Kò tún un ṣe.

“Ẹ̀gbọ́n, ó di ọjọ́ Jímọ̀ o,” ni Ọ̀nàọlápọ̀ wí. “Tí wọn ò bá dákẹ́, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn.”

“Mi ò lè ní kó dákẹ́.”

“Ẹ̀ ń bẹ̀rù wọn ni?”

“Rárá.”

Iṣẹ́ bọ́, ó sì di dandan kó jáde lọ wá òmíràn. Ní àárọ̀ Sátidé, ìyá Àdíját dé pẹ̀lú ọkọ̀. Ó ti di ẹrù àwọn ọmọ tán kó tó wojú Mọ́ṣúdù.

“O ò tiẹ̀ bá mi jà.”

Bushrah di férémù ilẹ̀kùn mú. Bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló tú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí ọkọ̀ lọ, ó tilẹ̀kùn, ó da kúbùsù borí, ó gbé fóònù kalẹ̀ kó máa gba ohùn sílẹ̀. Kò ka nǹkan kan. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó tẹ́tí sí gbogbo rẹ̀: aago ara ògiri, àti ẹnì kan tó ń gúnyán nílé kejì. Ó gbé fóònù lọ sí pálọ̀, ó tún un ṣe. Ó ń ṣe é bọ̀ títí wọ́n fi pe ìrun Àsárì, tí ìpè wọlé láti Iléṣà.

“A ti délé o,” ni ìyá Àdíját wí. “Ta ló sọ fún ọ pé Bushrah kì í sọ̀rọ̀? Bí Àsmá'ù bá ti sunkún báyìí, orin ìyá rẹ̀ ló ń kọ fún un, ó tiẹ̀ ń húkọ́ níbi tí Àdíját ti máa ń húkọ́.”